Sáà Líìgì Àpapọ̀ Ọdún 1976 àti Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn

Sáà ọdún 1976 ni ó ṣe ìkarùn-ún láti ìgbà tí líìgì àpapọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní ọdún 1972. Òun sì ni sáà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan láti Ìbàdàn gba ife-ẹ̀yẹ líìgì náà. IICC Shooting Stars ni orúkọ ẹgbẹ́ ọ̀hún, èyí tí àwọn ará ìlú gé kúrú sí Ṣútìn. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ yìí kan náà ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba ife ìdíje orílẹ̀-èdè wọn. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan tó ti gba ife Áfíríkà irú èyíkéyìí ṣáájú wọn.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 yìí náà ni ìjọba àpapọ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ orí ìpínlẹ̀ wa àti ọjọ́ orí ife líìgì àkọ́kọ́ náà jẹ́ ọgbọọgba, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì wọ inú ara wọn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Títí di òní, bí ọjọ́ bá rọ̀ ní Ọ̀rányàn, ní Bẹẹrẹ, ní Bẹ́yẹrúnkà tàbí ní ìdí òkè Màpó, àwọn àgbà a máa jókòó jiyàn lórí bọ́ọ̀lù ọdún náà. Iyàn náà dára, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ìtàn náà kú. Ṣùgbọ́n ọdún ti gun orí ọdún, àwọn orúkọ sì ti ń wọnú ara wọn. A ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi àwọn agbábọ́ọ̀lù ọdún 1984 sínú ikọ̀ ọdún 1976, a sì ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé pápá Adámásingbá ni wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù náà. Ìdí nìyí tí a fi to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níhìn-ín.

Líìgì kí ó tó kan Ìbàdàn

Kí líìgì tó dé, ìdíje tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ni Challenge Cup, èyí tí ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ìyẹn. Ikọ̀ Ibadan Lions ti gba ife náà ní ọdún 1959 àti ní ọdún 1961, nígbà tí ó sì di ọdún 1971, ẹgbẹ́ tí ó di Shooting Stars lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn gbà á ní orúkọ WNDC.

Líìgì yàtọ̀ gedegbe. Kì í ṣe eré ọjọ́ kan. Gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan lókèèrè, a ó sì máa ka àmì títí sáà yóò fi parí. Ní àsìkò náà, àmì 2 ni ẹgbẹ́ tó bá borí ń gbà, tí ọ̀mì sì jẹ́ àmì 1 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àmì 3 tí a ń kà lónìí kò tíì dé. Nítorí náà ọ̀mì níta dára gidigidi nígbà náà, ó tó ìdajì ìborí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá mọ ìṣirò kò ní í fi gbogbo agbára kọlu ilé onílé. Yóò ti ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, yóò gba àmì kan, yóò sì padà sílé wá gba méjì.

Mighty Jets ti ìlú Jọ́ọ̀sì ni ó gba líìgì àkọ́kọ́ ní ọdún 1972. Bendel Insurance ti Benin gbà á ní ọdún 1973. Lẹ́yìn náà ni Rangers ti Enúgu dé, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970 lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Rangers gba líìgì ní ọdún 1974, wọ́n tún gbà á ní ọdún 1975. Ní ọdún méjèèjì yìí kan náà, wọ́n fi Challenge Cup lé e. Ní òpin ọdún 1975 wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn aṣáájú ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí Hafia ti Konakry ti ṣẹ́gun wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ tí Ṣútìn ṣe ní ọdún 1976 ti tó, kí ó kọ́kọ́ wo Rangers yìí. Ọwọ́ wọn ni ife wà, kò sì sí ẹni tó rí i tó rò pé wọn yóò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Orúkọ ẹgbẹ́ àti ìpínlẹ̀ tuntun

Láti ìgbà ọdún 1950 ni ẹgbẹ́ yìí ti ń bọ̀. Lábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba, PWD, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún jẹ́ orúkọ WNDC, ìyẹn àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kí ó tó wá di ti IICC. IICC jẹ́ àjọ ìjọba tó ń fi owó sí ilé-iṣẹ́, tó sì ń yá àwọn onílé-iṣẹ́ lówó. Orúkọ 3SC tí a ń pariwo lónìí kò dé títí di nǹkan bí ọdún 1980 sí i. Ohun kan tí kò yí padà nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí ni pé owó ìlú ni a fi ń tọ́ ẹgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tuntun ti wọlé. Nígbà tí a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta ní oṣù Kejì ọdún 1976, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, gbogbo ohun tí ìpínlẹ̀ àtijọ́ ní di ohun tí àwọn mẹ́ta gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilé-iṣẹ́, ilé ìtura, oko kòkó àti ìpín nínú okòwò ni wọ́n kó jọ sábẹ́ Odù'a Investment, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà, kí ó lè jẹ́ ti gbogbo wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹrù wọn, olúkúlùkù gba ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò ṣe é pín bí àga àti tábìlì. Àwọn tó wọ aṣọ Ṣútìn wá láti ibi gbogbo: Mudaṣírù Láwàl jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ìdílé Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbámi náà ti Abẹ́òkúta wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni a bí i sí tí ó sì dàgbà ní Jọ́ọ̀sì. Bí a bá fi ìlú bàbá yanjú rẹ̀ ni, ikọ̀ náà ìbá tú ká láàárín sáà.

Kò tú ká. Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ náà dúró sí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó sì di ti rẹ̀, lábẹ́ gómìnà ológun àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ wa, Ọ̀gágun David Jemibewon. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọjọ́ náà sì tóbi ju ti òní lọ, nítorí Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti Ẹdẹ wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ife tí a ń sọ yìí, àwọn ará Ọ̀ṣun náà ní ìpín nínú rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí a gbàgbé.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ni wọ́n pa olórí orílẹ̀-èdè, Ọ̀gágun Murtala Mohammed, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì. Àfi ẹni tó bá rántí bí ìlú ti dákẹ́ rọ́rọ́ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe inú dídùn ni ọdún 1976 fi bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó padà máa fi ẹnu bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Hawkes. Best Ogedegbe ni ó ń ṣọ́lé. Samuel Òjébọ̀dé wà ní ẹ̀yìn. Moses Ọ̀tọ́lórìn, Phillip Boamah àti Kúnlé Awẹ́ṣù wà nínú àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, Awẹ́ṣù ní apá òsì.

Méjì nínú wọn yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Mudaṣírù Láwàl, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Muda. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó di iṣẹ́ rẹ̀. Àárín pápá ni ipò rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù tí ìyìn sì kéré jù. Ó sá lọ, ó sá bọ̀, ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn, ó gbé e fún ẹni tó wà níwájú. Ìdíje ife àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún léra wọn ni ó lọ fún Nàìjíríà, láti ọdún 1976 ní Etiópíà títí dé ọdún 1984. Ó kú ní ọdún 1991, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún.

Èkejì ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbámi, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn, tí ó ń sáré ní apá ọ̀tún pápá. Ernest Okonkwo, tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ni ó sọ ọ́ ní “Mathematical”, nítorí bí ó ti ń gbé bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ti fi rúlà wọ̀n ọ́n. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ ìṣirò rárá ń pè é. Kò kúrò ní Ṣútìn títí ó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún 1984.

Àwọn méjèèjì yìí, mẹkáníìkì àti akẹ́kọ̀ọ́, ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ bí ikọ̀ náà ti rí. Nínú ìlú tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ilé-ìwé àti ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ti hàn gbangba, orí pápá ni wọ́n ti di ọ̀kan.

Sáà náà

Pápá Liberty ní Òkè-Àdó ni ilé Ṣútìn nígbà náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó kọ́ ọ, ọdún 1960 sì ni wọ́n ṣí i. Níbẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Láti ọdún 2010 ni orúkọ rẹ̀ ti di pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láti Ọ̀rányàn, ẹni tí kò bá rí mọ́tò wọ̀ yóò gba Ọjà'ba bọ́ sí Pópóyemọja, yóò kọjá Ìdí-Àrẹrẹ àti Bòdè, yóò sì yọ sí Mọ́lété kí ó tó kọrí sí pápá. Ìrìn náà kò kéré lábẹ́ oòrùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn ín lọ tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn ín bọ̀. Ìgbà ìpadàbọ̀ ni ó máa ń nira bí Ṣútìn kò bá borí.

Fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, ìrìn-àjò ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó kò tíì sí. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bá Rangers pàdé ní Enúgu yóò la Benin kọjá, yóò gun afárá odò Ọya ní Oníṣà. Ti Jọ́ọ̀sì tún jìn jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dé, wọn yóò sùn, wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù, wọn yóò sì tún wọ ọkọ̀. Bí a bá fi èyí kún un pé àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ń jẹ́ ìpè orílẹ̀-èdè pẹ̀lú, a ó mọ̀ pé sáà náà kì í ṣe eré. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, ikọ̀ Nàìjíríà wà ní Etiópíà fún ife Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe ipò kẹta. Ní oṣù Keje, ikọ̀ náà dé Montreal fún eré Òlíńpíìkì, ṣùgbọ́n wọn kò gbá bọ́ọ̀lù kankan: Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó ẹrù wọn padà sílé nítorí pé New Zealand, tí ikọ̀ rọ́gbì rẹ̀ ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa ṣeré, wà níbẹ̀.

Láàárín gbogbo lílọ bíbọ̀ yìí ni Ṣútìn ti ń kó àmì jọ. Nígbà tí sáà parí, wọ́n ti gba líìgì kúrò lọ́wọ́ Rangers, tó ti wà lọ́dọ̀ wọn fún ọdún méjì. Rangers kò sì lọ lọ́wọ́ òfo, Challenge Cup ọdún 1976 wà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ìgbà kẹta léra. Bí ọ̀rọ̀ ti rí láàárín Enúgu àti Ìbàdàn nìyẹn ní àwọn ọdún náà: bí ọ̀kan bá gbé èyí, èkejì yóò gbé ìyẹn, àwọn ẹgbẹ́ yòókù a sì máa wò.

Ife Áfíríkà

Ìdíje tí Ṣútìn wọ̀ ní Áfíríkà kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ. Ọdún 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀, Tonnerre ti Yaoundé ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ni ó sì kọ́kọ́ gbà á. Rangers tó gba ife méjèèjì ní Nàìjíríà ní ọdún 1975 lọ sí ìdíje àwọn aṣáájú líìgì, Ṣútìn sì lọ sí èyí.

Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n pàdé. Ní Káírò, Zamalek na Ṣútìn ní 2 sí 0. Ẹgbẹ́ tó bá ti jẹ góòlù méjì níta láìdá ọ̀kan padà, ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú bá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí Zamalek wá sí Nàìjíríà, 2 sí 0 ni wọ́n dá padà fún wọn, ọ̀rọ̀ sì di pẹ́nárítì, Ṣútìn sì borí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ka èyí rántí orúkọ Zamalek yìí, nítorí a ó tún padà bá a.

Ní àṣekágbá, Tonnerre fúnra rẹ̀, tó ni ife, ni wọ́n bá pàdé. Ṣútìn fi 4 sí 1 borí ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Yaoundé, Tonnerre fi 1 sí 0 borí. Nígbà tí a pa méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ 4 sí 2, ife sì wá sí Ìbàdàn. Góòlù mẹ́rin ti ilé ni ó ṣe iṣẹ́ náà, nítorí ẹgbẹ́ tó ń lọ sí Yaoundé pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo lérí ìbá ti ṣòfò.

Ohun tó tẹ̀lé e

Ní ọdún 1977, Ṣútìn tó ni ife àti Rangers tó gba Challenge Cup bá ara wọn pàdé nínú ìdíje Áfíríkà kan náà, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ọ̀mì aláìnígóòlù ni wọ́n gbá ní ìgbà méjèèjì. Pẹ́nárítì ni ó pín wọn níyà, Rangers ni ó sì lọ, wọ́n sì gba ife náà lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Canon ti Yaoundé. Ní Ìbàdàn, ìjákulẹ̀ yìí dun àwọn kan ju bí ife ọdún 1976 ti dùn mọ́ wọn lọ. Ní ọdún náà, Ṣútìn gba Challenge Cup, wọ́n tún gbà á ní ọdún 1979.

Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní Surulérè, góòlù mẹ́ta ni wọ́n fi na Àlùjéríà: Ọdẹ́gbámi gbá méjì wọlé, Láwàl gbá ọ̀kan. Ogedegbe ni ó ṣọ́lé. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ Ṣútìn ọdún 1976 ni ó gbá gbogbo góòlù ọjọ́ náà. Ní ọdún yìí kan náà, líìgì tún padà sí Ìbàdàn, ọdún tí omíyalé Ògùnpa ba ilé àti ọ̀nà jẹ́ ní òpin oṣù Kẹjọ. Ṣútìn tún gba líìgì ní ọdún 1983, 1995 àti 1998. Pẹ̀lú ti 1976 àti 1980, ó jẹ́ márùn-ún.

Zamalek ni ẹgbẹ́ tí Ṣútìn kò tíì bá yanjú ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1984, wọ́n pàdé ní àṣekágbá ife àwọn aṣáájú ilẹ̀ Áfíríkà, Zamalek borí ní 2 sí 0 ní Káírò àti 1 sí 0 ní Èkó. Ní ọdún 1996, ó tún jẹ́ Zamalek ní àṣekágbá kan náà: 2 sí 1 fún Ṣútìn níhìn-ín, 2 sí 1 fún Zamalek níbẹ̀, pẹ́nárítì sì gbé ife lọ sí Káírò. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 1992, Ṣútìn gba ife CAF àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n borí Nakivubo Villa ti Ùgáńdà.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ràṣídì Yẹkínì kò sí nínú ikọ̀ ọdún 1976. Ọmọdé ni nígbà náà; ọdún 1980 sí i ni ó wá sí Ṣútìn, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1984.

Kì í ṣe Rangers ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà. Ọdún 1977 ni ti Rangers, ọdún 1976 ni ti Ṣútìn. A kò sọ èyí láti fi bu ẹnikẹ́ni kù. Rangers ni ó kọ́kọ́ dé àṣekágbá, ìyẹn náà sì jẹ́ òtítọ́.

Ife líìgì àti ife Áfíríkà ọdún 1976 kì í ṣe ife kan náà. Àwọn kan a máa kà wọ́n sí ọ̀kan, àwọn mìíràn a sì máa sọ pé ife Áfíríkà náà ni ti àwọn aṣáájú líìgì. Ṣútìn ti dé àṣekágbá ti àwọn aṣáájú lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì gbà á rí.

Bákan náà, kò sí bọ́ọ̀lù ọdún 1976 kankan tí wọ́n gbá ní pápá Adámásingbá tí a sọ ní orúkọ olóògbé Lékan Sàlámì, ẹni tó fi owó àti ara rẹ̀ ran bọ́ọ̀lù Ìbàdàn lọ́wọ́. Wọn kò tíì kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń ti Ọ̀rányàn lọ wo Ṣútìn lónìí yóò gba Bẹẹrẹ, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí Agbeni àti Ògùnpa. Bàbá rẹ̀ ní ọdún 1976, Mọ́lété ni ó gbà lọ.